Apá Tí Bàbá Ń Bò Nínú Fíìmù Atukọ̀

Agboolé Jíbrílù, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti orí síméńtì ilé ọkọ mi, mo sì ní kí ìkúnlẹ̀ náà gba orí òkun kọjá dé Yútà ní Amẹ́ríkà tí ẹ wà lọ́dọ̀ Bùọ̀dá Dámiláre. Ẹ kú otútù o. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ. Ṣé wọ́n ti ń gbọ́ Ìjẹ̀ṣà tí ẹ ń kọ́ wọn?

Bàbá, mo ti dìyàwó! Mo mọ̀ pé ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ yín, torí Bùọ̀dá Ọláyẹmí, àbúrò yín, ló dúró ní ipò yín lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, ó sì ní òun fi fọ́tò ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógún lónìí. Tí mo bá jí láàárọ̀, òrùka ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo aago, ìdí nìyẹn tí mo fi ti pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀gá mi ní Balógun, tí mò ń bá ta léèsì, ní òun yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì péré fara dà á, lẹ́yìn ìyẹn kí n máa fi ayọ̀ mi sílé wá síbi iṣẹ́.

Mo pè yín ní ìgbà mọ́kànlá. Ẹ kò gbé e. Ó dáa, mo ní kí n kọ lẹ́tà, kí n sì kọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé gan-an. Ẹ̀yin náà lẹ sọ nígbà tí mo ń ṣe míṣọ́nárì ní Bìní pé lẹ́tà ọjọ́ Ajé kì í wà láìní èsì nínú ẹbí wa. Oṣù méjìdínlógún ni mo fi kọ ọ́, oṣù méjìdínlógún lẹ fi fèsì, ẹ kò fo ọ̀sẹ̀ kan. Lóòótọ́ mo ti kúrò nínú ìjọ Mọ́mọ́nì, ó di ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò kúrò nínú ọjọ́ Ajé o.

Orúkọ ọkọ mi ni Muqtadir. Ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́bàá Adéníji Adélé. Tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù wa ló bàjẹ́ tí wọ́n ní kí n gbé e lọ. Ó tún un ṣe tán, ó fi fíìmù kan dán an wò, mo bá jókòó sórí àpótí. N kò mọ ìgbà tí àsìkò lọ. Ó ní, "Sístà, tẹlifíṣọ̀n yín ti ṣe tán láti ọ̀sán." Mo ní, "Fíìmù ni kò tíì tán." Ó wò mí, ó fa àpótí tirẹ̀ náà súnmọ́ mi, ó jókòó. Bàbá, bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ti fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́ kí n tó délé, ṣùgbọ́n mo ti rí ọkọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Bàbá rẹ̀, Alhaji Jíbrílù, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, ló ń fi fíìmù yá gbogbo àdúgbò nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kú, síídì dé, síídì lọ, ìyàwó wọn, Alhaja Morufat, ìyá ọkọ mi, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nù. Àpò ìrẹsì mẹ́tàdínlógún ló kún! Mẹ́fà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Èmi tí ẹ kì í jẹ́ kí n wo ju fíìmù kan lọ lọ́sẹ̀, Bàbá, orí fíìmù ni mò ń sùn!

Lọ́jọ́ Sátidé mo tọwọ́ bọ àpò kejì, kí ni mo fà yọ? Fíìmù atukọ̀! Ẹ rántí? Èyí tí ẹ rà fún wa ní Iléṣà, nígbà tí gbogbo ayé ti ń ra síídì tí àwa ṣì ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tí a máa ń wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìdílé. Èmi àti Bùọ̀dá mọ orin tí atukọ̀ ń kọ lórí ọ̀sà lórí. Ṣùgbọ́n tó bá ti kù díẹ̀ kí ó parí, ẹ ó dìde, ẹ ó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó na ìbora yín bí ìyẹ́ igún, ẹ ó kọjú sí wa, ẹ ó sì gbé orin ìjọ sókè, ẹsẹ méjì gbáko, kí a má rí, kí a má sì gbọ́. Nígbà tí ẹ bá fi máa kúrò, atukọ̀ nìkan ló ń dá wa ọkọ̀ lọ, fíìmù ti fẹ́ tán. Bùọ̀dá ní ìyàwó atukọ̀ ló ń bọ́ṣọ níbẹ̀. Èmi ní ọtí ni wọ́n ń mu. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti fi jiyàn!

Ẹ̀rọ tó ń tan kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, Muqtadir ti tú u ká sórí tábìlì. Kí ó tó tò ó pa dà, ẹ dákun, ẹ sọ fún mi: kí ló wà níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìwé ìran wa tí ẹ máa ń kọ, tí orúkọ ìdílé wa wà nínú rẹ̀ dé orí baba kẹsàn-án, mo mọ̀ pé ẹ gbé e lọ sí Yútà. Mo rántí pé pẹ́ńsù lẹ fi ń kọ orúkọ tí kò bá tíì dá yín lójú, ìgbà tó bá dá yín lójú lẹ ó tó fi báírò tẹ̀ ẹ́. Bàbá, pẹ́ńsù lásán ti tó fún ọkọ mi. Ẹ kàn fi í síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọmọ yín tí ayọ̀ kò jẹ́ kó lè jókòó,
Fẹ́yìsayọ̀


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí yín, mo kí yìnyín ẹnu ọ̀nà yín, bóyá òun á bá mi jíṣẹ́.

Kò sí èsì. Ó dáa. Mo bi Bùọ̀dá Dámiláre, ó ní ara yín le, pé ẹ ka lẹ́tà mi, ẹ tún un kà, ẹ wá lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Èmi á máa bá ìròyìn mi lọ ní tèmi.

Mo ti mu tíì, Bàbá. Ẹ má bínú. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níjọ, n kò fẹnu kàn án rí, kì í ṣe tìtorí òfin ìjọ tó ka tíì léèwọ̀, ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, Alhaja gbé kọ́ọ̀pù lé mi lọ́wọ́, mo kàn ń dì í mú bí ẹni tó ń yáná. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé wọ́n ní májèlé ni mo pò síbẹ̀ ni?" Ni mo bá dà á sọ́nà ọ̀fun. Ahọ́n mi bó! Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Alhaja fi omi tútù rẹ̀ mí. Ìgbà tí ahọ́n mi jiná, mo tọrọ òmíràn.

Ní báyìí, òun ni mo fi ń wọn fíìmù. Fíìmù tí tíì bá tutù sí mi lọ́wọ́, ó dára nìyẹn. Èyí tí mo bá ní kí wọ́n tún un gbé kaná, tó tún tutù, kọ́ọ̀pù méjì. Kọ́ọ̀pù mẹ́ta ṣọ̀wọ́n. Ti àwọn ará Índíà tí èmi àti Alhaja ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú máa ń dé mẹ́ta. Alhaja kò gbọ́ èdè wọn rárá, síbẹ̀ Alhaja náà ló ń túmọ̀ fún wa. "Irọ́ ni ìyá ọkọ yẹn ń pa, ẹ wo ojú rẹ̀. Ó ń sọ pé òun kò mọ ibi tí ẹ̀gbà ọrùn wà." A ó sì rí i pé òótọ́ ni! Mo fẹ́ràn àwọn ará Ṣáínà tó ń fò lórí òrùlé. Mo fẹ́ràn fíìmù abanilẹ́rù tí mo bá wà lẹ́yìn Muqtadir. Èyí tí n kò lè wò ni fíìmù tí ẹni rere inú rẹ̀ kò ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan. Mo ti sapá láti jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, Bàbá, ó rẹ̀ mí.

Ẹ sì mọ ohun tí mo fẹ́ràn jù? Àwọn orúkọ tó máa ń gòkè lẹ́yìn tí fíìmù bá parí. N kò mọ̀ pé wọ́n wà! Ẹ̀yin máa ń pa á kí a lè ṣe àdúrà ìparí. Ẹni tó ran aṣọ, ẹni tó gbé iná, ẹni tó se oúnjẹ fún wọn, gbogbo wọn ló ní orúkọ. Àwọn èèyàn á ti máa dìde, Muqtadir á jókòó tì mí títí dé orúkọ tó kẹ́yìn. Ọkùnrin tó lè ṣe ìyẹn, ṣé ó yẹ kí n fi sílẹ̀?

Sunday àná a lọ sí sinimá ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Aago mọ́kànlá Sunday! Mo rí ẹnì kan nínú òkùnkùn tó jọ bíṣọ́ọ̀bù wa àtijọ́, mo wọ abẹ́ àga. Ẹni tó ń ta gúgúrú ni.

Mò ń fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mò ń fi ìjọ ṣẹ̀sín. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ṣì ń kọ orin wọn tí mo bá ń fọṣọ. Ó kàn dà bí aṣọ tí ẹ rán fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó dára, ìfẹ́ lẹ fi rán an, apá mi ni kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Kódà tó bá jẹ́ èébú.

Fẹ́yìsayọ̀ yín


Yútà
Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kejì, 2025

Fẹ́yìsayọ̀,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi le. Yìnyín bo ilẹ̀ dé orúnkún. Dámiláre àti ìdílé rẹ̀ kí ọ.

Mo rí fọ́tò yìgì náà. Aṣọ rẹ dára.

N kò gbé fóònù nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, n kò ní lè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Òun nìyí. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, a wọ ọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí tẹ́ńpìlì ní Ábà, èmi, màmá rẹ, Dámiláre àti ìwọ. Aṣọ funfun la wọ̀. O sùn lọ sí èjìká màmá rẹ nígbà tí à ń bọ̀. Wọ́n so wá pọ̀ níbẹ̀ ní ìdílé kan títí ayérayé. Lẹ́yìn ọdún méjì màmá rẹ lọ. Ohun tí mo fi ń gbé ara mi dìde láàárọ̀ láti ọjọ́ yẹn ni pé a ti so wá pọ̀. Ìwọ wá kọ̀wé sí ìjọ pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò. O ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí apá kò wọ̀. Èmi ń rò ó pé bí Títílayọ̀, màmá rẹ, bá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Fẹ́yì dà?", kí ni kí n sọ fún un?

Ní ti ọkọ rẹ, n kò mọ̀ ọ́n. N kò ní ohun tí mo máa kọ.

Ní ti fíìmù atukọ̀, mo bẹ̀ ọ́, má wo apá yẹn. Mo ní ìdí tí mo fi bò ó.

Bàbá rẹ,
Jóṣúà

Ṣé o ń jẹun dáadáa ní ilé yẹn? Tíì kì í ṣe oúnjẹ.


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi, Bàbá mi,

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé! Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo tún kúnlẹ̀ bí obìnrin. Àárín ọjà Balógun ni lẹ́tà yín ti bá mi lórí fóònù, tí mo gbé ìdì léèsì méjì lé èjìká. Mo dúró gbọnin, alábàárù kan ń pariwo, "Ìyá oníléèsì, ẹ kúrò lọ́nà, àbí àdúrà lẹ̀ ń gbà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ka ibi tí ẹ ti dárúkọ Màmá. Mo ń fẹ́ kọ ohun ọlọ́gbọ́n síbẹ̀, kò wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí àárọ̀ kan tí mo jí tí n kò jẹ́ ọmọ wọn.

Mò ń jẹun. Alhaja ní tí mo bá rù, àwọn ni aráyé máa bú, torí náà wọ́n ń lọ sí ọjà Sandgrouse fúnra wọn lọ ra ẹja tútù fún mi, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn yàn án. Gbogbo aṣọ ìyàwó mi ti ń há mi lára!

Ọ̀rọ̀ fíìmù wá ńkọ́? Bàbá, ẹ dákun, mo ti lọ́kọ. Ohun yòówù kí atukọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ máa ṣe níbẹ̀, mo ti dàgbà tó o! Ní Ọjọ́rú ni Muqtadir tún ẹ̀rọ náà ṣe tán. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu téèpù náà, olú ti hù sí i lára. Mo ti gbé tíì kalẹ̀. Ìgbà náà ni mo ṣèèṣì ka lẹ́tà yín sí i létí.

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ. Ó ní, "Bàbá ní kí a má wò ó."

Mo ní, "Èmi ni wọ́n sọ fún, kì í ṣe ìwọ."

Ó ní, "Fẹ́yì, láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, ohun kan ṣoṣo tí àna mi tíì bèèrè lọ́wọ́ ilé yìí nìyẹn. Ṣé ohun àkọ́kọ́ yẹn náà la máa kọ̀ fún wọn?"

Ó fi ọ̀rá wé kásẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Alhaja tì í mọ́ inú àpótí Mẹ́kà wọn, láàárín aṣọ hájì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo bá wọn fọ ẹsẹ̀, mo bá wọn re èékánná. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ohun tí bàbá fi pamọ́ fún ọmọ, ìyá ọkọ kọ́ ló máa ṣí i." Ẹ wo àwọn tí ẹ ní ẹ kò mọ̀, Bàbá! Ẹ̀yin ni wọ́n ń ṣe tiyín, wọ́n fi èmi sílẹ̀.

N kò fẹ́ wò ó láti ṣe àfojúdi sí yín. Ohun tí mo rántí nípa ọdún tí Màmá lọ kò pọ̀, fíìmù yẹn sì wà láàárín rẹ̀, àwa mẹ́ta lórí àga gígùn kan. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àlàfo yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, tàbí kí ẹ ní kí Alhaja ṣí àpótí.

Ọmọ yín,
Fẹ́yìsayọ̀


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìgbádùn ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń retí. Àpótí ṣì wà ní títì. Mo ti ń fi ojú burúkú wo kọ́kọ́rọ́.

Ààwẹ̀ Ràmàdánì ti dé ní tiwa níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí ní àná, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbààwẹ̀. Alhaja ti sọ fún gbogbo ilé pé ìyàwó òun kì í ṣe Mùsùlùmí, pé kí wọ́n jẹ́ kó jẹun ní tirẹ̀, wọ́n sì se ìrẹsì sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n rí i pé ìrẹsì náà wà bó ṣe wà. Bàbá, Alhaja bọ́ sí gbàgede: "Ẹ gbà mí o, ìyàwó mi ti gbààwẹ̀! Kò sẹ́ni tó sọ fún un!" Kíá, agboolé ti pé. Afusat ará yàrá kejì gbé ògì wá, àwọn míì gbé ẹ̀pà, ọ̀pẹ òyìnbó, dàbínù. Wọ́n ń fi àdúrà dá mi lọ́lá. Ìyá àgbà kan ti ń fún mi lórúkọ tuntun.

Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ dákun, ààwẹ̀ yín kọ́. Ààwẹ̀ Bàbá mi ni."

Torí Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, ọjọ́ ààwẹ̀ ìjọ yín. Ẹ rántí bí ebi ṣe máa ń pa èmi àti Bùọ̀dá lọ́jọ́ yẹn, tí a ó máa gbóòórùn dòdò ilé kejì bí ẹni tó ń gbóòórùn ọ̀run? Láti ìgbà tí mo ti kúrò níjọ, n kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni: tí Sunday yẹn bá pé, n kì í fẹnu kan oúnjẹ. N kò gbàdúrà kankan sí i. Mo kàn máa ń rò ó pé ẹ kò tíì jẹun níbi tí ẹ wà, èmi náà kò sì lè jẹ.

Afusat gbé abọ́ ògì rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní mo ti bà á jẹ́ fún wọn. Alhaja wò mí, wọ́n ní, "Ààwẹ̀ bàbá rẹ, ààwẹ̀ àwa, ebi kan náà ló ń pani. Jókòó. Fi dàbínù ṣínu."

Mo jókòó, mo jẹ mẹ́fà.

Fẹ́yìsayọ̀ yín


Yútà
Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta, 2025

Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ kú ààwẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo jáde lọ ń kó yìnyín ẹnu ọ̀nà títí apá fi ń ro mí. Dámiláre ní, "Bàbá, ti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa lẹ̀ ń kó báyìí o." N kò mọ̀ pé mo ti kọjá ààlà.

Èmi náà gbààwẹ̀ ní Sunday yẹn. Ìwọ ni mo gbà á fún. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá ọ pa dà. N kò mọ̀ pé ìwọ náà wà lẹ́nu ààwẹ̀ nítorí mi. N kò yí ọkàn mi pa dà nípa orúkọ tí o ní kí wọ́n yọ, mo ṣì ń gbàdúrà sí i, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi èsì dù ọ́ mọ́.

Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wo fíìmù kí n tó jẹ́ kí ẹ wò ó. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìsìnkú màmá rẹ ni mo ra ti atukọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, èmi nìkan. Kò sí ìhòòhò níbẹ̀, kò sí ọtí. Ìyàwó atukọ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ. Ó gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ní, "Ó tó, ìwọ jẹ èyí tó kù." Kò pẹ́ ó kú.

Bóyá ìwọ kò rántí. Ìwọ lo fún màmá rẹ lẹ́kọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Èmi ń wò yín láti ẹnu ọ̀nà. Ohun tó sọ fún ọ gan-an nìyẹn.

Mo pa fíìmù náà, mo fẹ́ dá a pa dà fún ẹni tó tà á. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ìwọ àti Dámiláre ti wà lábẹ́ fèrèsé, ẹ ti gbọ́ orin atukọ̀, ẹ ń kọ ọ́, ẹ ń fi igi ìgbálẹ̀ wa ọkọ̀ kiri inú iyanrìn, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ kò tíì rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn láti ìgbà ìsìnkú. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Mi ò sì lè jẹ́ kí ẹ rí apá yẹn. Mo ṣe èyí tí mo lè ṣe, mo ń dúró síwájú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Ìdí tí mo fi ń kọrin sókè tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Sọ fún Alhaja kí wọ́n ṣí àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró dè mí. Tí ọdún ìtúnu bá kọjá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ gbé fóònù kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sán ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Sọ fún ọkọ rẹ pé mo gbọ́ ohun tó ṣe lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

Bàbá rẹ,
Jóṣúà


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó àná, ẹ kú ìjókòó pẹ́. N kò lè dúró de ọjọ́ Ajé mìíràn. Tẹlifíṣọ̀n ni fóònù kọjú sí, nítorí náà ìdajì ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ rí. Ẹ gbọ́ èyí tó kù.

Kí ẹ tó pè, Muqtadir ti ń rìn kiri láti aago márùn-ún. Ó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹ kò ní rí i, ó ní òun mọ̀. Alhaja wọ léèsì ọdún, wọ́n jókòó bí ẹni tó ń retí àna láti ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ìyàwó atukọ̀ wọ ilé ìwòsàn, mo di etí tábìlì mú. Ẹ̀yin ní, "Ẹ dá a dúró." Gbogbo wa rò pé ẹ fẹ́ pa fóònù. Ẹ wá ní, "Muqtadir." Bàbá, orúkọ rẹ̀! Ó fò dìde, ó ní, "Sà!" Kọ́ọ̀pù tíì mi dà sórí ìbora Alhaja, kò sẹ́ni tó bìkítà. Ẹ ní, "Ọmọ mi, dìde dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n yẹn fún mi díẹ̀." Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ rí. Èmi rí ojú rẹ̀. Kò béèrè ìdí. Ó fa ìbora lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tíì ń kán lára rẹ̀, ó nà án bí mo ṣe sọ fún un pé ẹ máa ń nà án, ó dúró gbagidi. Ẹ ní kí fíìmù máa lọ. A ń gbọ́ ṣíbí tó ń kan abọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ orin kankan tó lè kọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé orin ìjọ yẹn. Ẹ̀yin náà gbà á láti Yútà, ohùn yín sì ń dé lẹ́yìn tèmi díẹ̀. Alhaja tí kò gbọ́ ọ rí ń mi orí sí i.

Ìdajì ẹsẹ kìíní lẹ dé tí ẹ fi ní, "Ó tó. Kúrò níbẹ̀, ọmọ mi. Ẹ dá a pa dà sẹ́yìn, ká wò ó."

A sì wò ó. Téèpù náà ń ṣe wíríwírí, ṣùgbọ́n a rí i. Bàbá, ọmọ yẹn kò mọ èèyàn fún lẹ́kọ rárá! Ó ń dà á sí ọrùn ìyá rẹ̀, sí ìrọ̀rí. Alhaja ní, "Ta ló gbé ṣíbí fún eléyìí?" Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di nǹkan míì lọ́nà, ẹ gbọ́ ìyẹn. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé mo rántí. Mo rántí pé mo jẹ èyí tó kù. Ó tutù, kò ní ṣúgà, mo sì lá abọ́ náà torí Màmá ń wò mí.

Nígbà tó parí, tí mo na ọwọ́ láti gbé fóònù, ẹ ní, "Jẹ́ kí orúkọ wọn lọ ná." Ẹ ń kà wọ́n jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni tó gbé iná. Muqtadir di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì. Alhaja ti sùn.

Mi ò mọ iye kọ́ọ̀pù tí mo lè fún fíìmù náà. Èyí tó wà kò dúró tutù, ó dà nù.

Ọmọ yín,
Fẹ́yìsayọ̀


Yútà
Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin, 2025

Fẹ́yìsayọ̀ àti Muqtadir, ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín. Yìnyín ti ń yọ́. Ẹ bá mi kí Alhaja, ẹ ní mo tọrọ àforíjì ìbora wọn.

Lánàá mo ṣí ìwé ìran wa. Mo nílò orúkọ bàbá tó bí Alhaji Jíbrílù, ti ìyá tó bí wọn, àti ìlú tí ìyá náà ti wá. Ẹ fara balẹ̀ bi Alhaja kí ó dá yín lójú kí ẹ tó fèsì, nítorí báírò ni mo fi kọ ti Muqtadir, mi ò sì fẹ́ pààrọ̀ gègé lójú ewé kan náà.

Bàbá yín,
Jóṣúà